Mofẹ́ Ò Fẹ́ Rí Orí Lásán

"Yéèèèèèè!"

Bí Mofẹ́olúwa ṣe ń ké láti àárọ̀ nìyẹn. Ọmọ oṣù márùn-ún péré ni o, àmọ́ ohùn tó ń tẹnu ẹ̀ jáde, àwọn oníbúrẹ́dì tó wà ní títì ń gbọ́ ọ. Ajá ilé kejì ti ká ìrù mọ́ abẹ́, ó ti kó lọ sí Ìjagun.

Kí ló ṣe ọmọ? Àṣíborí ni.

Dókítà kan ní Ìbàdàn ló fi àṣíborí náà lé e lórí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Mofẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló máa ń sùn sí, bí ìpàkọ́ ẹ̀ ṣe wá tẹ́ pẹrẹsẹ lọ́wọ́ ọ̀tún nìyẹn, bí ìgbà tí èèyàn fi orí ọmọ ti ògiri tó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Dókítà ní kò sí wàhálà, ọpọlọ ọmọ pé, ara ọmọ le, àṣíborí yìí ló máa to orí náà padà bó ṣe ń dàgbà. Ṣùgbọ́n tọ̀sán-tòru ló gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀. Wákàtí kan péré ni wọ́n lè ṣí i lójúmọ́.

"Ẹ fara balẹ̀ fún un," dókítà wí. "Ó máa mọ́ ọn lára."

Ó máa mọ́ ta lára? Mofẹ́ ò gbọ́ èyí tí dókítà ń wí. Tí wọ́n bá ti dé e báyìí, ó di:

"Yéèèèèèè!"

Àmọ́ ẹni tọ́rọ̀ àṣíborí náà dùn jù lọ nínú ilé, kì í ṣe Mofẹ́. Màmá Rachel ni, ìyá tó bí bàbá Mofẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Màmá Rachel jẹ́ fún yín. Ní gbogbo àdúgbò wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí obìnrin bá ti bímọ, Màmá ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí kó wá wẹ ọmọ. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí itan, omi gbígbóná lọ́tùn-ún, òrí lósì. Á fa apá, á fa ẹsẹ̀, á tẹ imú, á ta ọmọ sókè, hù! hù! Lẹ́yìn náà ló máa wá kan orí. Orí yẹn gan-an ni iṣẹ́. Á fi àtẹ́lẹwọ́ kó o bí ẹni ń mọ fùfú, á tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, á tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, títí orí á fi rí rogodo.

Ọwọ́ ìyá ẹ̀ ló ti jogún iṣẹ́ náà. Yèyé Oníwẹ̀ ni wọ́n ń pe ìyá yẹn nígbà ayé ẹ̀, kò sì sí ilé ọlọ́mọ tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n.

"Orí kan ò gba ọwọ́ ìyá mi kọjá kó má gún," bẹ́ẹ̀ ni Màmá máa ń wí. "Orí kan ò sì tíì gba ọwọ́ tèmi náà kọjá rí."

Orí kan wá gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá. Orí ta ni?

Orí ọmọ ọmọ ẹ̀!

Ojú ti Màmá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ilẹ̀ lọ. Ó sì wá lọ jẹ́ pé ẹni tó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù láyé yìí ló kọ́kọ́ dé wá wo àṣíborí: àna ẹ̀, Àlájì Zakariyah Gbàdàmọ́sí, bàbá tó bí Rahmah, ìyá Mofẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ò da nǹkan kan rú láàárín àwọn àgbà méjèèjì yìí o. Àlájì ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì lọ́dọ̀ Màmá, Màmá ń jẹ ẹran Iléyá lọ́dọ̀ Àlájì, itan gan-an ló sì máa ń bèèrè. Yẹ̀yẹ́ ni wọn kì í fi jin ara wọn.

Àlájì yìí, fìlà kan wà lórí ẹ̀. Fìlà náà fẹ̀, ó jìn, ó bo etí, ó bo ìpàkọ́ kanlẹ̀ dé ọrùn. Kò sẹ́ni tó rí i kó ṣí i rí. Ì báà jẹ́ pé ó ń jẹun, ì báà jẹ́ pé ooru mú débi tí adìẹ ń la ẹnu, fìlà wà níbẹ̀. Rahmah tó jẹ́ ọmọ bíbí inú ẹ̀ ní òun ò lè búra pé irun wà lórí bàbá òun.

Àlájì wo Mofẹ́ nínú àṣíborí. Ó mi orí, ó mi fìlà.

"Àna mi," ó ní, "ẹ kú iṣẹ́ ọmọ wíwẹ̀ o."

"Ẹ ṣeun, Àlájì."

"Ní ìdílé Gbàdàmọ́sí, orí gbogbo wa ló rí rogodo bí ọsàn. Ọmọ wá dé ọwọ́ yín tán..."

"Ọmọ dé ọwọ́ mi tán, ó ṣe kí ni?"

"Èmi ò sọ nǹkan kan. Mo kàn ń bèèrè ni pé, omi yẹn, ṣé ó máa ń gbóná dáadáa?"

Hẹ̀n-ẹ́n! Màmá ò fẹnu kan oúnjẹ lọ́jọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ ìsàmì Mofẹ́ ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá sì ti fọ́nnu. Ó ti sọ fún gbogbo Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ pé òun gan-an lòun máa fi ọwọ́ ara òun gbé ọmọ òun fún Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì, ọmọ náà ò sì ní ké pín-ín, nítorí ọmọ tí òun bá wẹ̀ kì í ké. Ẹni tó sọ ọ́ fún jù ni Ìyá Ọlámidé. Ìyá Ọlámidé náà ń wẹ ọmọ ní ìkángun àdúgbò lọ́hùn-ún, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wá bí gbogbo ọlọ́mọ á ṣe kúrò lọ́dọ̀ Màmá wá sọ́dọ̀ òun. Tí Ìyá Ọlámidé bá fi lè rí ìpàkọ́ Mofẹ́ báyìí, tí ọmọ bá sì tún lọ figbe ta lọ́wọ́ Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì, iṣẹ́ Màmá Rachel ti parí ní Ìjẹ̀bú-Òde nìyẹn.

Òórùn ọ̀rọ̀ náà sì ti ń ta sí Ìyá Ọlámidé nímú.

"Màmá Rachel, kí ló dé tí a ò rí ọmọ yín mọ́?"

"Ó ń sùn ni."

"Ní gbogbo ìgbà?"

"Oorun ẹ̀ pọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n wá bá yín wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan."

"Ọlọ́run ò ní jẹ́!"

Nítorí náà Màmá ò ní ọ̀nà méjì. Àṣíborí yìí gbọ́dọ̀ mọ́ Mofẹ́ lára, kí orí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gún, kí igbe sì dáwọ́ dúró kó tó di ìsàmì. Wọ́n kọrin fún ọmọ. Yéèè! Wọ́n gbé e jó. Yéèè! Ernest, bàbá ọmọ, tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Ìjagun, dùbúlẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ, ó ń ké bí ewúrẹ́. Ewúrẹ́ àwọn ará ilé ẹ̀yìn dá a lóhùn. Mofẹ́ ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

"Yéèèèèèè!"

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Màmá ń sá aṣọ ọmọ lẹ́yìnkùlé. Òjò winniwinni dé. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun, kò fẹ́ kómi kàn án, ló bá mú bàsíà tó fi kó aṣọ, ó dé e sórí bí fìlà, ó kù gìrì wọlé.

Mofẹ́ ti la ẹnu sílẹ̀ láti ké. Ó rí Màmá. Ó rí bàsíà.

Ẹnu pa dé.

Ó wo bàsíà sọ́tùn-ún. Ó wò ó sósì. Ó gbé ọwọ́ ẹ̀ kékeré, ó fi kan àṣíborí tó wà lórí tiẹ̀.

"Hẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Ọmọ rẹ́rìn-ín!

Màmá ṣí bàsíà kúrò. "Yéèèè!"

Ó dé e padà. "Hẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Ó ṣí i. "Yéèèè!"

Ó dé e. "Hẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Màmá ṣe é títí, bí ọmọdé tó ń tan iná tó ń pa á. Ó wá yé e. Àṣé ohun tó ń bí Mofẹ́ nínú ni pé òun nìkan ni wọ́n gbé nǹkan lé lórí láàárín gbogbo aráyé!

"Ernest! Rahmah! Ẹ máa bọ̀ kíá! Ẹ wá nǹkan dé o!"

Láti ọjọ́ náà, orí kan ò gbọdọ̀ ṣí sílẹ̀ nílé wọn mọ́. Rahmah ò ní ìṣòro, ìborùn ti wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ernest ra akoto ọlọ́kadà, èyí tó ní gíláàsì níwájú. Akoto ló fi ń jẹun, akoto ló fi ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ó tiẹ̀ gbàgbé lọ́jọ́ kan, ó wa mọ́tò ẹ̀ dé Ìjagun, ó wọ kíláàsì tòun ti akoto lórí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé wàhálà ti bẹ́ sílẹ̀ ní ọgbà ni. Fìrììì! Wọ́n gba ojú fèrèsé tú ká.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti ọkùnrin tó wá já iná wọn. Kó tó gbé àkàbà kalẹ̀ tán, Rahmah ti gbé ìkòkò ọbẹ̀ dé e lórí.

"Àǹtí, kí lèyí?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ wa ni ò fẹ́ rí orí lásán."

Ọkùnrin náà wo ọmọ nínú àṣíborí. Ó wo Ernest nínú akoto. Ó wo Màmá lábẹ́ bàsíà, tó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín sí i. Ó kó àkàbà ẹ̀ wẹ́rẹ́, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Kò já iná. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò dá ìkòkò padà.

Bí Mofẹ́ ṣe fẹ́ràn àṣíborí ẹ̀ nìyẹn. Á máa gbá a, kọ̀-kọ̀-kọ̀, á máa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ tó bá ti rí orí lásán báyìí, igbe ni, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti ṣí tiẹ̀ gan-an. Ìpàkọ́ ẹ̀ sì ti ń gún díẹ̀díẹ̀. Màmá ń kọrin kiri ilé. Ó ti ń wo bí Ìyá Ọlámidé ṣe máa ya ẹnu sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun kan ló wà tí gbogbo ilé gbàgbé.

Ọkùnrin kì í dé fìlà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ ìsàmì pé. Màmá gbé Mofẹ́ gba àárín àwọn obìnrin wọlé, inú ọmọ ń dùn ṣìnkìn. Ibi gbogbo tó bá yíjú sí, gèlè ni. Gèlè pupa, gèlè aláwọ̀ ewé, gèlè tó ga tó ga. Lójú Mofẹ́, gbogbo ayé ti dé àṣíborí. Ti Ìyá Ọlámidé ló ga jù, ó ga débi pé èèyàn mẹ́ta tó jókòó lẹ́yìn ẹ̀ ò rí pẹpẹ. Mofẹ́ na ọwọ́ sí i. Màmá yára fa ọwọ́ náà padà.

Àlájì náà dé. Ó wọ agbádá funfun, ó dé fìlà ẹ̀. Gilbert, tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti fún èèyàn níbi ìjókòó, dá a dúró pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Àlájì, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa ṣí fìlà."

"Fìlà wo?"

"Èyí tó wà lórí yín, sà."

"Ìyẹn kì í ṣe fìlà. Orí mi nìyẹn."

"Ó dáa, sà," Gilbert wí. Ó fi Àlájì sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn pátápátá.

Wọ́n pe àwọn ọlọ́mọ síwájú. Wákàtí kan tí wọ́n ń ṣí àṣíborí lójúmọ́, Rahmah ti tọ́jú ti ọjọ́ náà pa mọ́ de ìsàmì, ó wá ṣí i wẹ́rẹ́. Màmá ti múra sílẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìpàkọ́ ọmọ mọ́lẹ̀ gbágbá. Ìyá Ọlámidé na ọrùn bí ògòǹgò, kò rí nǹkan kan. Mofẹ́ ò ké. Màmá gbé àyà sókè, ó rìn bí olorì, ó gbé ọmọ fún Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì Simeon.

Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì Simeon, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Orí ẹ̀ tóbi. Ó pá. Ó ń dán gbinrin débi pé iná ṣọ́ọ̀ṣì hàn nínú ẹ̀.

Mofẹ́ gbójú sókè. Mofẹ́ wo orí. Orí wo Mofẹ́.

"YÉÈÈÈÈÈÈÈÈÈ!"

Gíláàsì fèrèsé gbọ̀n jìgìjìgì. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ṣi ọwọ́ gbé, bùùùù!

"Ẹ sọ ọmọ yìí lórúkọ!" Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì pariwo.

"Kí lẹ wí, sà?" Ernest náà pariwo.

"Mo ní orúkọ ọmọ!"

"YÉÈÈÈÈÈÈÈÈÈ!"

"Ṣíọ̀ọ̀ọ̀," Ìyá Ọlámidé pòṣé níwájú. "Ọmọ tí wọ́n bá wẹ̀ dáadáa kì í ké o." Kò pariwo, àmọ́ ó rí i dájú pé bẹ́ǹṣì mẹ́fà gbọ́.

Òógùn bo Màmá. Ayé ẹ̀ ń bàjẹ́ lọ lójú ẹ̀ báyìí. Ó sún mọ́ etí Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì.

"Ẹ dé nǹkan sórí, sà!"

"Kí ni?"

"Mo ní ẹ dé nǹkan! Ọmọ yìí ò fẹ́ rí orí lásán!"

Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè ẹ̀. Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ, ó sún sẹ́yìn.

"Màmá, ẹ má dán an wò."

Ernest fa fìlà ẹ̀ yọ lápò. Ó kéré. Ó jókòó sórí Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì bí ìdérí ìgò lórí àgbá. Síbẹ̀ Mofẹ́ dákẹ́. Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì tẹ̀ba láti bu omi ìsàmì.

Pọ̀ọ̀ọ̀! Fìlà bọ́ sínú omi.

"YÉÈÈÈÈÈÈÈÈÈ!"

Gilbert sáré mú tiẹ̀ wá. Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì fi gbogbo agbára fà á wọ orí. Fààààà! Fìlà Gilbert pín sí méjì.

"YÉÈÈÈÈÈÈÈÈÈ!"

Ernest ti bẹ́ jáde, ó lọ gbé akoto tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà Màmá nínú mọ́tò. Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì wo akoto. Ó wo òkè ọ̀run. Ó dé e.

Gbogbo ìjọ wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Àwọn akọrin di ara wọn mú. Mofẹ́ náà: "Hẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Ó tilẹ̀ na ọwọ́, ó gbá a, kọ̀-kọ̀-kọ̀. Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì tẹ̀ba sí ìwé àdúrà, gbàgà! gíláàsì akoto já bọ́ bo ojú ẹ̀.

"Hùn-hùn-hùn hùn-hùn-hùn," ohùn kan ń bọ̀ láti inú akoto.

"Kí lẹ pè é, sà?" Rahmah bèèrè.

"Hùn-hùn-hùn!"

"Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì, ẹ jọ̀ọ́ o!" Màmá figbe bọnu. "Ẹ má lọ sọ ọmọ wa lórúkọ tí a ò mọ̀!"

Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì bọ́ akoto sílẹ̀, òógùn ń ṣàn lójú ẹ̀.

"Àṣíborí ìgbàlà ni Bíbélì ní ká gbé wọ̀," ó ní, "kì í ṣe akoto ọ̀kadà. Nínú gbogbo ìjọ yìí, ṣé kò wá sí fìlà kan tó lè gba orí mi ni?"

Díẹ̀díẹ̀, orí kan yí padà, orí kejì yí padà. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Àlájì bojú wẹ̀yìn. Ògiri ló bá níbẹ̀.

"Ta lẹ ń wò?"

Rahmah ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa ní fìlà yín."

"Rahmah, jẹ́ kí n sáré délé. Mo ní òmíràn. Mo ní púpọ̀."

"Ìsàmì ò ní lè dúró, Bàbá."

"Kò ní pẹ́ rárá, mo..."

"YÉÈÈÈÈÈÈÈÈÈ!"

Àlájì wo ọmọ ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì. Ojú ọmọ ti pọ́n, ikun ti bo imú ẹ̀, ètè ẹ̀ ń gbọ̀n. Kò sí ohun tí Àlájì fẹ́ràn láyé yìí tó ọmọ náà. Ó di fìlà mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ dijú," ó ní.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní kí gbogbo yín dijú! Tẹ́nì kan bá la ojú, mò ń lọ."

"Ẹ jẹ́ ká dijú," Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì wí, bí ẹni fẹ́ gbàdúrà.

Gbogbo ìjọ dijú. Wọ́n gbọ́ bàtà Àlájì, pà-pà-pà, títí dé iwájú. Wọ́n gbọ́ bí fìlà ṣe wọ orí Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì, gbọ́ngbọ́n, bí ẹni pé orí ẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Igbe dáwọ́ dúró. Omi ró wàrà.

"Mofẹ́olúwa, mo sàmì fún ọ ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́."

"ÀMÍN!"

Àmín ló bà á jẹ́. Ẹ mọ̀ pé tí wọ́n bá ti ṣe Àmín, ojú á là. Ojú là lóòótọ́. Àlájì sì ti ń sáré padà síbi ìjókòó ẹ̀ nígbà náà, ó kẹ̀yìn sí gbogbo ìjọ.

Pẹrẹsẹ.

Ìpàkọ́ Àlájì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọwọ́ ọ̀tún. Ibi tí ti Mofẹ́ ti tẹ́ gan-an. Tí wọ́n bá gbé e ti ògiri, aáyán ò ní rí àyè gbà kọjá.

Màmá Rachel fi igbe ayọ̀ ta.

"Háà! Háà! Ẹ̀yin ará, ẹ wá wò ó! Rogodo bí ọsàn, àbí? Àlájì, ṣé ọsàn tí wọ́n ti jókòó lé lórí ni?"

Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó jó dé iwájú Ìyá Ọlámidé, ó rẹ̀dí, ó jó padà.

"Ìyá Ọlámidé, ẹ ti fojú ara yín rí i? Ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá o! Ọwọ́ tèmi mọ́! Omi mi gbóná!"

Kò mọ̀ pé ó yẹ kó dákẹ́. Ó tún gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

"Àní ẹni tó wẹ orí yìí, ọ̀lẹ ni! Ọ̀bàyéjẹ́ ni! Kò mọ orí yàtọ̀ sí pákó! Ta ni onítọ̀hún gan-an?"

Àlájì dúró. Ó yí padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rín ti wà lẹ́nu ẹ̀.

"Àna mi, ẹ fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

"Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n! Ẹ pè é sókè, kí gbogbo ìjọ gbọ́!"

"Yèyé Oníwẹ̀ ni."

Ẹsẹ̀ Màmá tó wà lókè ò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

"Yèyé... Oníwẹ̀ wo?"

"Mélòó ló wà ní Ìjẹ̀bú-Òde? Ìyá yín ni. Ìyá mi ló sọ fún mi kó tó jáde láyé. Ó ní Yèyé wẹ̀ mí dé ìdajì orí, àwọn orogún méjì bá bẹ̀rẹ̀ ìjà ní ìta. Yèyé gbé mi sílẹ̀, ó lọ wòran. Ìjà náà dùn. Nígbà tó fi máa padà dé, ó ti gbàgbé ẹ̀gbẹ́ tí òun ò tíì ṣe."

Ìyá Ọlámidé rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, gèlè ńlá bọ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀, gbì!

"YÉÈÈÈÈÈÈÈÈÈ!" ni Mofẹ́.

Màmá ò gbọ́ igbe. Ó rọra sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ìpàkọ́ Àlájì. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara ẹ̀ méjèèjì. Ó tún wo ìpàkọ́ náà, bí kápẹ́ńtà ṣe ń wo pákó tó wọ́. Ó ká apá bùbá ẹ̀ sókè, ọ̀kan, ìkejì.

"Iṣẹ́ ìyá mi kì í di àṣepatì," ó ní. "Àlájì, ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀. Rahmah, sáré lọ gbé omi kaná!"

Àlájì ò dúró gba fìlà. Ẹni tó rí i gbẹ̀yìn ní Òdogbolu lòun ti rí i. Ó ń rìn kánmọ́kánmọ́ lọ, ó dé bàsíà.